Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí oúnjẹ àwọn ọmọ ọ́ísítà

Lóṣù tó kọjá, mo béèrè níbí ìdí tí àwọn ọmọ ọ́ísítà (ẹran omi tó ní ìkarahun) tí a ń pa láti inú ẹyin lẹ́bàá ìyawọlẹ̀ òkun Chesapeake, ní Amẹ́ríkà, kò fi dàgbà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń fún wọn ní Nannochloropsis, irú ewédò (algae) kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ní àfúnyó. Ẹni tó ní kí n fi Tisochrysis àti Chaetoceros, ewédò méjì mìíràn, rọ́pò rẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Èèpo ara Nannochloropsis le, ikùn ọmọ tuntun kò sì lè lọ̀ ọ́: lábẹ́ maikirosíkóòpù, inú wọn tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, síbẹ̀ n kò rí ẹ̀kán ọ̀rá kan ṣoṣo lára wọn. Tisochrysis kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀, ó sì ní DHA, ọ̀rá kan tí ọmọ ọ́ísítà nílò láti dàgbà. EPA, ọ̀rá mìíràn tí wọ́n nílò, ni Chaetoceros mú wá. Lọ́jọ́ kẹta tí mo pa méjèèjì pọ̀, ọ̀rá ti ń dán nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ kejìdínlógún, ojú dúdú (àmì pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lẹ̀ mọ́ nǹkan) ti yọ lára ọ̀pọ̀ jù lọ.

Ìmọ̀ràn pé kí n lo Tetraselmis, ewédò mìíràn, ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó tóbi ju ẹnu àwọn kéékèèké lọ, ṣùgbọ́n ó wúlò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì.

Èyí tó kù ni pé Chaetoceros mi ṣì ń kú sínú ìgò. Mo ti gbàgbé láti fi silicate, èròjà tó fi ń kọ́ èèpo ara rẹ̀, sí i (àṣìṣe ọmọdé ni, mo gbà); ó ti sàn díẹ̀ báyìí, àmọ́ kò tíì dúró dáadáa. Ẹ ṣeun.