"Aláì-" inú "ọmọ aláìlọsílé-ìwé": ta ni a ń dá lẹ́bi?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n dá bàbá wa tó kọ̀wé láti Ọ̀fà lóhùn, nítorí èsì wọn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ àná.

Ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní kíláàsì wa ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ìlọrin níbí, olùkọ́ wa pín wa sí ẹgbẹ́ márùn-ún. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wa lórí ìṣòro kan tó ń bá àwùjọ fínra, ní Yorùbá pọ́ńbélé, kí àwa tó gbọ́ sì kọ èrò wa sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan mú oògùn olóró, òmíràn mú bárà ṣíṣe, òmíràn mú ọmọdébìnrin tí wọ́n ń fún lọ́kọ lọ́jọ́ àìpé, òmíràn mú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n gbìyànjú, n kò níí purọ́. Ẹgbẹ́ kẹta ló dá ìjà sílẹ̀ lọ́kàn mi. Àwọn ló mú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó yẹ kó wà nílé-ìwé tí wọn kò sí níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: ỌMỌ ALÁÌLỌSÍLÉ-ÌWÉ.

Mo kọ ọ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé "aláì-" ti dá ọmọ náà lẹ́bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, mo sì ní kí a máa pè é ní "ọmọ àpatì". Bàbá wa ní Yorùbá kò tíì jinlẹ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n bi mí pé ṣé aláìsàn náà jẹ̀bi ni? Ṣé aláìní jẹ̀bi?

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì rò ó títí. Òótọ́ ni, n kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo "aláì-" ló ń bú ènìyàn. Oní àti àìsàn ló di aláìsàn, oní àti àìní ló di aláìní, kò sí èébú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú wọn: sàn, ní. Kò sẹ́ni tó ń jókòó tí yóò pinnu pé ara òun kò níí dá. Wàyí, ẹ gbé "gbọràn" síbẹ̀, ẹ gbé "moore" síbẹ̀: aláìgbọràn, aláìmoore. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀ yóò bínú, nítorí ohun tó lè ṣe ni a ní kò ṣe. "Lọ" wà lára àwọn wọ̀nyí. Ẹsẹ̀ ẹni la fi ń lọ. Àǹtí wa kan tún gbé "aláìṣẹ̀" kò mí lójú, wọ́n ní ènìyàn a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀, síbẹ̀ ìyìn ni aláìṣẹ̀. Mo dúpẹ́, wọ́n ràn mí lọ́wọ́ ni. Ohun tí aláìṣẹ̀ kò ṣe, ohun burúkú ni, ìdí tó fi di ìyìn nìyẹn. Bí ohun náà bá dára bí ilé-ìwé, àìṣe rẹ̀ di ẹ̀bi. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. "Aláìmọ̀kan" nìkan ló ṣì ń dà mí láàmú, nítorí èébú ni, bẹ́ẹ̀ "mọ̀" kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá. Ẹni tó bá ní àlàyé kó mú un wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Nígbà tí a lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, ọmọkùnrin kan wà tó máa ń dúró sójú fèrèsé kíláàsì mi, tòun ti ẹ̀pà lórí àwo. Bí àwọn ọmọ inú kíláàsì bá ń ka ìsọdipúpọ̀, òun náà á máa kà á láti ìta, ohùn rẹ̀ á sì borí tiwọn. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní òun kò lówó aṣọ ilé-ìwé. Ọmọ yìí ń lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́ ayé! Fèrèsé ló mọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é ní aláìlọ? Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ní kí ìjọba kọ́ irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 9, ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti 3 ní girama kékeré, dandan sì ni fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ láti rí i pé ó lọ. Ẹnìkan ló pa ọmọ yẹn tì. Iṣẹ́ tí "à-" ń ṣe nínú "àpatì" nìyẹn: ó ń sọ pé wọ́n ṣe é sí i ni. Bàbá wa Ọ̀fà ní iṣẹ́ títì àti ilé la ń pè ní àpatì, a kì í pe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣé àgbàtọ́ kì í ṣe ènìyàn? Àkọ́bí ńkọ́?

Ẹni tó sọ ohun tí n kò lè dá lóhùn ni Àáfà wa láti Ọjà-Ọba. Wọ́n ní ọmọ tó gbé wàláà dání ní ilé kéwú láti òwúrọ̀ kì í ṣe àpatì ẹnikẹ́ni, òbí rẹ̀ fi í síbẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́ ni. Òótọ́ pọ́ńbélé. Àṣìṣe ńlá tí ẹgbẹ́ kẹta ṣe sì nìyí, ó tún ju ti orúkọ lọ. Wọ́n kà á fún wa pé àjọ UNICEF ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.5 ọmọ ọdún 5 sí 14 ni kò sí nílé-ìwé ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa pé ìjọba ka ọmọ tó ń kéwú nìkan, tí kò kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà, mọ́ wọn. Ní Ìlọrin wa yìí, tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-ul-Islam sílẹ̀ ní 1942, tí ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé-ìwé tó pa kéwú àti ìwé pọ̀, kò yẹ kí a gbójú fo èyí. Orúkọ kan kò lè gba ọmọ wàláà àti ọmọ ẹlẹ́pà. Mo gbà fún Àáfà.

Ẹni tó ń bá mi jà pé "àgbékalẹ̀" ni kí n pe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ṣe, dípò "ìgbékalẹ̀" tí mo pè é: àgbékalẹ̀ ni bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀, ìgbékalẹ̀ ni dídúró tí wọ́n dúró sọ ọ́. N kò níí yẹsẹ̀. Ẹ bá mi bá ẹgbẹ́ kìíní wí dípò èyí, àwọn tó kọ "òógùn olóró" sójú pátákó. Òógùn ni èyí tí ń jáde lára o. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ mà ni!

Mo pe bàbá mi àgbà ní Òmù-Àrán lánàá. Ọmọ ọdún 7 ni wọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ayé ìgbà náà. Àwọn ọmọ tí ọmọ-ìyá bàbá wọn bí ní Ìlá wọlé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbómìnà kan náà ni wá, ṣùgbọ́n apá Àríwá ni ààlà fi tiwa sí, oko ni bàbá mi àgbà sì bá lọ. Ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ máa kárí Nàìjíríà ní 1976, wọ́n ti ń bí ọmọ tiwọn. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní kò lórúkọ. Wọ́n ní, "Wọn ò fi mí síléèwé ni." Mo tún un bi, wọ́n tún un sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ "n ò lọ" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá wa Ọ̀fà, "wọn" yẹn ni mo ń wá ibi tí mo máa fi sí nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí "àpatì" kò bá gbà á, ẹ fún mi ní òmíràn. Mo ti kọ gbólóhùn bàbá mi àgbà sínú èrò tí mo fún olùkọ́ wa. Ẹgbẹ́ kẹta ní àwọn kò níí yí pátákó àwọn padà.