Ìgbéyàwó akọ sí akọ, abo sí abo: kí lẹ ti rí ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé?

Ìyá Ìbejì, Boise: Ẹ kú ilé o. Lóṣù kìíní ọdún 2025, ilé aṣojú-ṣòfin Idaho níbí dìbò 46 sí 24 pé kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà wọ́gi lé Obergefell, ìdájọ́ ọdún 2015 tó fàyè gba irú ìgbéyàwó yìí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fẹ́, ìyàwó ẹ̀ ló bí ọmọ wọn. Omijé bọ́ lójú ẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Ṣé wọn ò ní sọ pé ọmọ mi kì í ṣe tèmi?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Àkànní: Ìwé ẹ̀bẹ̀ lásán nìyẹn, kì í ṣòfin. Kò lè tú ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni ká.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò rí ojú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ní North Dakota, ilé aṣojú gba irú ìwé ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé, ilé aṣòfin àgbà dà á nù lóṣù kẹta ọdún 2025.

Bàbá Ìjọ, Houston: Bíbélì lèmi dúró lé, mi ò fara mọ́ ọn. Kí wọ́n má ṣáà fipá mú pásítọ̀ so wọ́n pọ̀.

Màmá Kẹ́mi, Maryland: Bàbá, òfin tí Biden fọwọ́ sí lóṣù kejìlá ọdún 2022 ti yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Òun náà ló ní kí ìpínlẹ̀ kan máa ka ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe níbòmíì sí. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi mú ọkọ ẹ̀ wálé, ìyá ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún kan. Kíndìnrín wá dá ìyá dúbúlẹ̀. Ọkọ ọmọ yìí ló ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọmọ tó bí gan-an ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. "Ọmọ mi" ló ń pè é báyìí.

Tóyìn: Màmá Kẹ́mi, omi bọ́ lójú mi.

Àkànní: Ta wá ni ìyàwó nínú wọn? Ọ̀rọ̀ náà "ìgbéyàwó" ò bá a mu.

Tóyìn: Ẹ pè é ní ìfẹ́ra-ẹni-sílé.

Àkànní: Rárá o, ìyẹn ti gbogbo tọkọtaya ni.

Tóyìn: Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn!

Bàbá Ìjọ, Houston: Màmá Kẹ́mi, ẹ bá mi kí ìyá náà. Mo fi wọ́n sádùúrà.

Ìyá Ìbejì, Boise: Mo padà wá o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Kim Davis pé kí wọ́n wọ́gi lé Obergefell. Òun ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Kentucky tí kò fún akọ sí akọ àti abo sí abo níwèé ìgbéyàwó lọ́jọ́sí. Mo sáré sọ fún obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ yẹn. Ó dì mọ́ mi. Àmọ́ ó ní òun á ṣì lọ gba ìwé ìgbàṣọmọ ní kóòtù, lórí ọmọ tó gbé jó láti ọjọ́ ìkómọ.