“Snake oil”: ṣé epo ejò ni, àbí kí ni?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe sọ “snake oil” ní Yorùbá, nígbà tí òyìnbó bá fi bú oògùn tí kò ṣiṣẹ́, tí ẹni tó ń tà á sì mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti dábàá “epo ejò”. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ epo kúrò níbẹ̀. Ara èso la ti ń rí epo: epo pupa lára ẹyìn, òróró lára ẹ̀pà, àdí lára èkùrọ́. Èyí tó bá ti ara ẹran wá, ọ̀rá là ń pè é, ìbáà yọ́ kó dà bí omi: ọ̀rá màlúù, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá ère. Ejò náà tún gbòòrò jù. Lẹ́kùlẹ́jà kì í ta “ejò”. Yóò bi yín bóyá orí oká lẹ fẹ́, tàbí awọ ère, tàbí ọ̀rá ère. Ọ̀rá tí wọ́n ń fi pa oríkèé fún làkúrègbé, ti ère ni; òjòlá ni àwọn mìíràn ń pè é.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rá náà máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun tí wọ́n sín sí okùn. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, wọ́n á sì bu omi díẹ̀ sí i kó má baà jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Iná kékeré ni. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bó bá ti tó: níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, yóò máa ta pàrà-pàrà; bí omi bá ti tán, ariwo á dákẹ́. Ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kí ariwo tó dákẹ́, omi á bá a wọnú ìgò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kan. Ẹni tó bá sì jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná, á dúdú, òórùn jíjóná á sì bò ó. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ.

Bóyá ó ń wo làkúrègbé sàn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní tèmi, ọwọ́ tó ń fi í pa ara ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yìn ín. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kì í ṣe èébú.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àìsí ejò nínú ìgò ló sọ orúkọ náà di èébú. Clark Stanley ló ń ta oògùn ìpara rẹ̀ káàkiri pé ọ̀rá ejò ni. Nígbà tí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ òfin oúnjẹ àti oògùn ti ọdún 1906, epo inú ilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n rò pé ti màlúù ni, àti ata tó ń ta ara. Owó ìtanràn dọ́là 20 péré ni wọ́n bu fún un. Bí ẹ bá wá pè é ní epo ejò, ẹ di ẹ̀bi ru ejò tí kò sí níbẹ̀. Oògùn gbàrọgùdù ti wà nílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ dandan kí ẹ rí ejò, ṣebí a ti ń sọ pé ejò lọ́wọ́ nínú.

Ẹnìkan tún kọ “oògùn ejò”. Ẹ má lò ó. Ohun tí oògùn ń lé ni orúkọ tó tẹ̀ lé e ń sọ: oògùn ibà, oògùn ikọ́, oògùn aràn.

Èsì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà fún yín lórí ọ̀rá, ṣùgbọ́n òfin yín lórí oògùn kò dúró. Ṣé owó ni oògùn owó ń lé ni? Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe oògùn ló ń tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ lílé, ìbáà jẹ́ wíwá. Ohun tí a fi ṣe é kọ́. Oògùn òyìnbó yàtọ̀, wọn ò sì lọ òyìnbó kankan sí i.

Ibi tí “oògùn ejò” ti ń ṣèpalára ni ìwé ìléwọ́ ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ ẹni tí ejò bù ṣán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó kà á á sì máa wá ẹ̀tù orí oká kiri, èyí tí wọ́n ń fi ra gbẹ́rẹ́. Aporó ni kí wọ́n kọ. Ẹṣin ni wọ́n ń fún ní oró ejò díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi mọ oró náà bá jà. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń yọ aporó. Oró tí iná kò tíì bà jẹ́ ni wọ́n ń lò. Ti orí oká tí wọ́n jó di ẹ̀tù ti bá iná lọ, torí náà ẹ má ṣe pe ẹ̀tù yẹn ní àjẹsára.

Gbẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ léwu lẹ́yìn ìbùṣán. Oró ejò Echis, èyí tó ń ṣọṣẹ́ jù ní àríwá Nàìjíríà, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Báyìí ni wọ́n ń dán an wò: mílílítà 2 ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má mì ín fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà kí wọ́n dà á tẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣàn, oró náà ti ṣiṣẹ́ lára aláìsàn. Ìgò oníke kò dára fún un, torí ẹ̀jẹ̀ tó lera pàápàá lè má tètè dì nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí báyìí lẹ tún fẹ́ fi abẹ sín?

Gbàrọgùdù náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ojúlówó wà níbì kan tí gbàrọgùdù ń fara wé. Èyí tí a ń wí yìí, ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan ló wà nínú ìgò. Mo rò ó sí “oògùn ẹnu”, àmọ́ egbò ẹnu ni wọ́n máa gbà pé ó ń wò. Ọ̀rá ńkọ́? Ohun tí wọ́n ti yọ ọ́ ló ń tẹ̀ lé e: ọ̀rá ère, ọ̀rá màlúù. Ọ̀rá ẹnu, ẹnu ni wọ́n ti yọ ọ́.

Èsì sí èsì

Ó dùn létí, àbúrò, ṣùgbọ́n ní Èkó, ọ̀rá tí wọ́n ń fi di búrẹ́dì ni wọ́n á kọ́kọ́ rò. Mo gbé e sínú gbólóhùn wò ná. “Ọ̀rá ẹnu ni gbogbo oògùn tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò yẹn.” Ó dúró. “Ó ta ọ̀rá ẹnu fún wọn.” Ìyẹn náà dúró. “Ó fi ọ̀rá ẹnu pa á lára” ló yẹ̀, torí ìpọ́nni ni wọ́n á gbọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn àti orí rédíò. Nínú ìwé òfin, gbàrọgùdù ni kó ṣì wà.