Èékánná òrùka dáyámọ́ńdì mi ti gbéra: ta ni kí n gbé e lọ bá ní Èkó?

Ìyá Mofẹ́ (Sùúrùlérè)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Òrùka dáyámọ́ńdì tí bàbá Mofẹ́ rà fún mi ní Dubai nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́wàá ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ. Lééṣì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, àfìgbà tó họ mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí mo ti ń para. Mo wá gbé e sábẹ́ iná. Èékánná mẹ́fà ló di òkúta náà mú. Ọ̀kan ti gbé orí sókè, èyí tó tẹ̀ lé e sì ti jẹ débi pé kò kù ju kín-ún lọ. Tí mo bá fi igi ìtayín tì í, òkúta náà ń mì.

Góòlù funfun ni, wọ́n tẹ 750 sí inú rẹ̀. Ìwọ̀n òkúta rẹ̀ lé díẹ̀ ní ààbọ̀ kárátì, ìwé GIA rẹ̀, ti àwọn tó ń yẹ dáyámọ́ńdì wò, sì wà nílé.

Mo ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta góòlù, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ wò ó fìrí, ó ní kò sí wàhálà, kí n fi sílẹ̀, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní ṣé òun ló máa ṣe é? Ó ní "àwọn ọ̀gá wa" ni. Níbo lọ̀gá wà? Ó ń tẹ fóònù. Mo mú òrùka mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Bàbá Mofẹ́ ní àbúrò òun tó wá kí wa láti London máa padà lóṣù tó ń bọ̀, kí ó gbé e lọ sí Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníṣòwò góòlù ní London. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìnákúnàá ni, pé àwọn tó mọṣẹ́ kún Ìsàlẹ̀ Èkó. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Ká sọ tòótọ́, kí wọ́n má lọ pààrọ̀ òkúta mi ló ń bà mí lẹ́rù ju pé kí wọ́n má mọ̀ ọ́n ṣe lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ ná. Ẹ fi sínú páálí kékeré kan lọ́tọ̀, kó má fara kan góòlù yín yòókù, torí dáyámọ́ńdì ò mọ ẹbí, gbogbo ohun tó bá kàn ló ń họ. Ẹ má sì fi eyín tàbí pílíà tẹ èékánná yẹn padà o. Tó bá ti lọ síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, á kán ni.

Oníwáyà Mushin

Super glue ńkọ́? Mo fi lẹ tìyàwó mi, ó sì dúró dáadáa.

Ọ̀gá Gbajúmọ̀

Madam, ṣé ẹ ò kúkú tà á? Mo máa ń ra dáyámọ́ńdì, owó ọwọ́ ni mo ń san. Ẹ wá bá mi ní inbox.

Alábòójútó

Ọ̀gá Gbajúmọ̀, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń wá, wọn ò pe olówò. Ẹ jẹ́ ká rìn in bó ṣe yẹ.

Alágbẹ̀dẹ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ góòlù ni mo ń ṣe, lọ́dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Mi ò ní ní kí ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, kí wọ́n má bàa ní torí oúnjẹ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá oníwáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ti gulúù kúrò níbẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ á tú u lọ́jọ́ kan láìròtẹ́lẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá sì fi iná sí i láìmọ̀ pé gulúù wà lábẹ́ òkúta, èéfín rẹ̀ á ta á lójú, á ta á nímú. Ẹ sọ fún ìyàwó yín kí wọ́n tètè gbé tiwọn fún ẹni tó máa tún un ṣe.

Góòlù rọ̀, àní èyí tí wọ́n po nǹkan mọ́. Aṣọ, àpò, ọwọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló ń ha orí èékánná, ọdún dé ọdún. Bó bá jẹ́ orí rẹ̀ nìkan ló jẹ, a ó fi góòlù tuntun díẹ̀ lé e, a ó jó o mọ́ ọn, a ó wá fi fáìlì gún un kó rí roboto lórí òkúta. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ti jẹ, ó sàn ká gé ìjókòó òkúta náà kúrò látìdí, ká fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ kíyè sí ẹni tó bá fẹ́ ta ìjókòó tuntun fún yín nítorí èékánná méjì. Ẹ kíyè sí ẹni tó fẹ́ tún méjì ṣe tí kò wo mẹ́rin yòókù, òun gan-an ló burú jù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó ń yọ́ góòlù, tó ń ṣe ẹ̀gbà àti yẹtí, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun náà ló ń gbé òkúta jókòó. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀ ń rí ní Balógun, ẹnì kan wà lẹ́yìn tí gbogbo wọn ń gbé òkúta fún. Ẹ má béèrè pé "ta ló mọ góòlù tún ṣe?" Ẹ béèrè pé "ta lẹ máa ń gbé òkúta fún?" Bí ẹni mẹ́ta tí wọn ò jọ ń ṣòwò bá dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ lọ bá a.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kó fi òrùka kan tó ti tún ṣe hàn yín. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, èyí tó fẹ́lẹ́, ẹ fà á kọjá lórí òkúta náà. Tó bá kọ́, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Tí kò bá kọ́, ẹ wá bi í léèrè pé, "Báwo lẹ ṣe máa dáàbò bo òkúta mi lọ́wọ́ iná?" Dáyámọ́ńdì gba iná, àmọ́ a gbọ́dọ̀ fi boric acid tí a pò mọ́ sìpíríìtì bò ó kí iná tó kàn án, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ lè di funfun kuku, kó má tàn mọ́. Bó bá sì gbóná tán, a kì í jù ú sínú omi tútù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti máa dáhùn kí ẹ tó béèrè tán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bínú.

Ti 750 yẹn: kárátì 18 ni, góòlù 750 nínú 1000. 18 náà ni kí wọ́n lé e. Àwọn kan á fi 9 jó o torí pé ó dínwó, góòlù 9 ò sì ju 375 lọ nínú 1000, àwọ̀ rẹ̀ á yà lára èkejì. Lẹ́yìn iṣẹ́, góòlù funfun gbọ́dọ̀ wọ rhodium, irin funfun tí wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀, torí rhodium ló ń mú un funfun báyẹn. Láìsí i, ojú ibi tí wọ́n tún ṣe á rí bí eyín ẹni tó ń jobì. Ẹ bèèrè bóyá rhodium wà nínú iye tí wọ́n pè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi owó kún owó.

Ará Peckham

Alágbẹ̀dẹ, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyá Mofẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa London, torí ibẹ̀ ni mo ń gbé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní Hatton Garden ló ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ o! Púpọ̀ nínú àwọn tó kọjú sí títì, títà ni tiwọn. Wọ́n á gba òrùka yín pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n á gbé e gun àtẹ̀gùn lọ fún ẹni tí ẹ ò ní fojú rí. Ìbéèrè tí ẹ bi ọmọkùnrin ọjọ́sí náà ni kí àbúrò ọkọ yín bi wọ́n.

Ohun tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ni ẹ̀rọ laser. Iná rẹ̀ kì í kọjá ibi tí wọ́n bá darí rẹ̀ sí, nítorí náà wọ́n lè jó èékánná kan láìyọ òkúta. Fún émérálídì tàbí òpálì, tí iná ń bà jẹ́, mo lè ní kí ẹ wọkọ̀ òfuurufú nítorí rẹ̀. Fún dáyámọ́ńdì tí ò ní àbùkù? Ẹ fi owó yẹn ṣe nǹkan mìíràn. Bó bá sì jẹ́ dandan kó wá, kó wo orúkọ àwọn tó wà nínú National Association of Jewellers, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ góòlù níbí, kó tó jáde nílé, kó sì mú ẹ̀dà rìsíìtì Dubai dání, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má bàa ní òrùka tuntun ló fẹ́ gbé wọlé.

Ìyàwó Dókítà (Houston)

Ẹ̀yin ará, ẹ ò tíì dáhùn ohun tó ń ba obìnrin yìí lẹ́rù. Ìpààrọ̀ òkúta ni wọ́n sọ.

Àǹtí mi, ẹ yọ ìwé GIA yẹn jáde. Ẹ wò ó bóyá ó sọ pé wọ́n fi laser kọ nọ́ńbà sí ara òkúta náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, etí òkúta ló wà yí ká, ìlà tín-ín-rín tó pín òkè àti ìsàlẹ̀ níyà. Ojú lásán ò lè rí i, àfi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Kí oníṣẹ́ fi awò yẹn ka nọ́ńbà náà fún yín kó tó fọwọ́ kan òrùka, kí ẹ̀yin náà gbé e sójú kí ẹ kà á. Nígbà tó bá ṣe tán, ẹ tún kà á lórí tábìlì kan náà. Ó ṣeé ṣe kí èékánná bo nọ́ńbà náà. Ẹ jẹ́ kó wò ó nígbà tí òkúta bá jáde. Ìwé yẹn tún ní ìbú òkúta ní mìlímítà. Ààbọ̀ kárátì tó rí roboto sábà máa ń tó mìlímítà 5 àti díẹ̀. Kó fi ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú yín.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré tó ń dún píì-píì tàn yín jẹ. Bí ooru ṣe ń gba ara òkúta kọjá ni púpọ̀ nínú wọn ń wò, moissanite, òkúta mìíràn tó jọ dáyámọ́ńdì, náà sì ń yege níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní dáyámọ́ńdì gidi ni ẹnì kan fi pààrọ̀ tiyín, èyí tó kéré tàbí tó ní àbàwọ́n, ẹ̀rọ náà á ṣì dún.

Màmá Bódìjà

Ọmọ mi, gbogbo ohun tí wọ́n sọ dáa, àmọ́ ìwọ gbé àga, kí o jókòó tì í. Bí mo ṣe ṣe tèmi ní Ìbàdàn nìyẹn. Mo gbé omi mi, mo gbé ìwé àdúrà mi, mo jókòó. Alágbẹ̀dẹ tó bá ní òun ò lè ṣiṣẹ́ lójú olóhun, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Kí o sì má fi òrùka yẹn po ẹ̀bà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí o má fi wọnú hípò tí o bá ń fọ aṣọ funfun. Hípò ń jẹ ohun tí wọ́n pò mọ́ góòlù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Màmá, ẹlòmíràn ò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lọ́wọ́, kì í ṣe olè. Ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n.

Alágbẹ̀dẹ Ìsàlẹ̀ Èkó

Òótọ́ ni Màmá sọ, òótọ́ ni tiyín náà. Ẹ lè jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹ ti ń rí tábìlì rẹ̀ tí ẹ ò gba ìmọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Èékánná méjì ò gba ọjọ́ kan. Ẹ lọ ní àárọ̀, kí ẹ sì pè é ṣáájú. Ẹ má lọ nígbà tí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, torí gbogbo ayé ló ń tún góòlù ṣe nígbà náà, oníṣẹ́ ò sì ní ráyè tiyín.

Kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì: góòlù funfun kárátì 18, òkúta kan, nọ́ńbà GIA, ohun tó fẹ́ ṣe, iye tó gbà. "Òrùka kan" nìkan ò tó.

Ìyá Mofẹ́ (Sùúrùlérè)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo béèrè bí Alágbẹ̀dẹ ṣe ní kí n béèrè. Ẹni tó ta yẹtí fún ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ bàbá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn méjì mìíràn tí wọn ò mọ ara wọn sì dárúkọ bàbá kan náà. Mo lọ bá a lánàá.

Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó tán tó fi gbé awò sójú. Ó ń yí òrùka náà kiri lábẹ́ iná, kò sọ̀rọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé wọ́n ti jó o rí. Mo ní rárá. Ó wá fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ hàn mí pé èékánná kẹta ti sán nídìí, èyí tí èmi ò rí rárá. Ó ní mẹ́ta ni òun máa ṣe, pé ìjókòó rẹ̀ ṣì lágbára, kò yẹ ní gígé. Mo bi í ní ìbéèrè iná yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìgò boric acid fún mi rí.

A kà nọ́ńbà náà pa pọ̀. Àwọn tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ wà lábẹ́ èékánná, ó ní a ó kà á tán tí òkúta bá jáde. Ó pe owó rẹ̀, rhodium wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni mò ń lọ, àga mi sì ti wà nílẹ̀, Màmá Bódìjà! Bàbá Mofẹ́ ní òun náà ń bọ̀, bóyá kó lè mọ ibi tí owó rẹ̀ gbà.

Oníwáyà Mushin

Ẹ bá mi gba nọ́ńbà bàbá náà. Ìyàwó mi ti ka ohun tí ẹ kọ nípa gulúù.

Alábòójútó

Ní inbox o, kì í ṣe níbí.