Èsì: Ẹ jẹ́ ká fi "àìparíyà" sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ló dá "àìparíyà" sílẹ̀ lánàá fún àwòrán tí ayàwòrán fi tàdáwà yà wéréwéré kó tó kun èyí tó tóbi. Àpẹẹrẹ wọn ni ìyàwó Júù tí Delacroix, ayàwòrán ará Faransé, yà ní Tangier, ní Mòrókò, ní 1832. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ọ̀rọ̀ yìí.

"Àì-" yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹ má fi àìkú dá mi lóhùn: ohun burúkú ni àì- gbé kúrò níbẹ̀. Kí ló gbé kúrò nínú àwòrán yìí? Oṣù kejì ọdún náà ni ọkùnrin yìí wọ ilé ìgbéyàwó. Àwọn obìnrin yí ọmọge náà ká, wọ́n ń tún un ṣe, òun sì dijú pa, kò mira, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni. Delacroix yà á. Ní 1841 ló tó pàtẹ àwòrán ńlá ti ìgbéyàwó Júù ní Paris, èyí tó wà ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, dòní. Ẹ wá ìyàwó nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí i! Ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé nígbà náà pé wọ́n ti ìyàwó mọ́ yàrá inú nígbà tí àwọn yòókù ń ṣàríyá. Nínú méjèèjì, èwo wá ni kò parí?

"Àkọ́yà" ni èmi máa pè é, bí àkọ́bí. Ta ló ń pe àkọ́bí ní ọmọ tí kò parí? Ẹni tó ní òun ń gbọ́ "ìyà" níbẹ̀, ṣé ó ń gbọ́ ọ nínú "ayàwòrán" náà ni? Àwọn ìyá wa tó ń kọ́ ọmọge ní ẹkún ìyàwó ní Ọ̀yọ́ láyé ọjọ́un mọ ìgbà tó yẹ kí ohùn wálẹ̀, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni fi àmì ohùn sí i fún wọn.

Ní ti ẹni tó tún fa ìtàn Wúrà, ọmọ ọba Ìwó, àti "ìyà Ìwó", ìyà tí ọkọ rẹ̀ jẹ níbẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ, wọ̀ ọ́, mi ò gbà pé ibẹ̀ ni "ìyàwó" ti wá. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni, kì í ṣe gírámà. Kó lọ mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà.