Kí ló dé tí wọ́n fi ra XenSource ní mílíọ̀nù 500 dọ́là, tí Qumranet kò sì ju mílíọ̀nù 107 lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́Òwò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ka ìtàn bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ra àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe sọ́fítíwíà virtualization, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ iye owó ibẹ̀ sì rú mi lójú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà Citrix kéde pé òun yóò ra XenSource, ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn sọ́fítíwíà virtualization tí wọ́n ń pè ní Xen, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó ń ta Linux, ra Qumranet, ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì tó ṣẹ̀dá KVM, sọ́fítíwíà virtualization mìíràn, ní mílíọ̀nù 107. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, KVM ti wọ inú Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, Amazon tó sì fi Xen bẹ̀rẹ̀ EC2, iṣẹ́ tó fi ń yá ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 2006 ti ń kó iṣẹ́ tuntun rẹ̀ lọ sórí KVM láti ọdún 2017. Bó bá jẹ́ pé èyí tó borí nígbẹ̀yìn ni wọ́n rà ní owó kékeré, kí gan-an ni olùrà ń wò kó tó dá iye lé ilé-iṣẹ́?

Aṣírò_Ìbàdàn:
Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2007, ìpín ìdókòwò VMware, ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù nígbà yẹn nínú òwò virtualization, wọ ọjà ní New York. Dọ́là 29 ni wọ́n fi ta ìpín kan fún àwọn tó kọ́kọ́ rà á, ṣùgbọ́n kí ọjà tó tú lọ́jọ́ náà, ó ti di dọ́là 51, àpapọ̀ ilé-iṣẹ́ náà sì ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 19. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni EMC, tó ń ta ẹ̀rọ ìpamọ́ dátà, rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 635! Ní ọjọ́ kejì gan-an ni Citrix kéde XenSource. Òótọ́ ni pé irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ọdún yẹn ni EMC ti sọ pé òun yóò ta díẹ̀ nínú VMware, gbogbo ẹni tó wà nínú òwò náà sì ti ń retí rẹ̀. Owó tí XenSource ń pa nígbà yẹn kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n rà á, nítorí náà kì í ṣe èrè ni Citrix ń ṣírò. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní, tí VMware sì ní, ló ń sanwó fún.

Atọ́jú_Sáfà:
Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìrà méjèèjì ló wúwo jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, Microsoft gbé Hyper-V, sọ́fítíwíà virtualization tirẹ̀, jáde fún Windows Server. Nígbà tó di oṣù keje, VMware fúnra rẹ̀ sọ ESXi, irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ tí òun náà ń ṣe, di ọ̀fẹ́. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó lè fi hypervisor (ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń pín kọ̀ǹpútà kan sí ọ̀pọ̀, bíi Xen àti KVM) nìkan pa owó gidi mọ́. Inú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣàkóso rẹ̀ lowó ṣí lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni ló lè gba KVM lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn ẹnjiníà tó kọ ọ́ àti SPICE, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ láti fi lo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ni Red Hat rà. Ọ̀fẹ́ ni Xen náà, àmọ́ XenSource ti ní àdéhùn pẹ̀lú Microsoft láti ọdún 2006, Microsoft sì ni alájọṣe tí Citrix gbára lé jù.

Akẹ́kọ̀ọ́Òwò:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé gbogbo mílíọ̀nù 500 yẹn ni wọ́n kà sílẹ̀ fún àwọn tó ni XenSource?

Aṣírò_Ìbàdàn:
Rárá o, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Owó àti ìpín ìdókòwò ni wọ́n dà pọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 107 nínú rẹ̀ (ó kàn bá iye Qumranet mu ni) sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ìpín àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tíì pé àkókò, èyí tí ó di dandan kí wọ́n dúró ṣiṣẹ́ kí ó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, ó ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 393. Bákan náà ni Nicira, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí VMware rà ní ọdún 2012: bílíọ̀nù 1.26 ni gbogbo ayé ń sọ, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù 210 nínú rẹ̀ jẹ́ irú ẹ̀tọ́ yìí. Ẹ má fi iye kan wé òmíràn láìkọ́kọ́ yọ èyí kúrò.

Atọ́jú_Sáfà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un nípa Red Hat. Ní ọdún 2009 ni wọ́n fi KVM sínú RHEL 5.4 (RHEL ni Linux tí Red Hat ń tà), nígbà tí RHEL 6 sì jáde ní ọdún 2010, wọn kò fi Xen ṣe ilé fún virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà gidi, mọ́. Citrix ra ọ̀nà láti wọ ọjà tí kò sí nínú rẹ̀. Red Hat ní tirẹ̀ ti wà nínú ọjà, ó ti ń ta Linux, kò sì fẹ́ kí ọkàn ọjà òun wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí Citrix ti rà. Fún irú olùrà bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 107 kò kéré rárá.