Ọmọ tí ìwé kíkà ń nira fún, àti àfikún àkókò ìdánwò ní England

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:
Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, mo kí yín. Ọmọkùnrin mi àgbà, ẹni ọdún 13, fẹ́ lọ bá bàbá rẹ̀ ní Leeds ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀lẹ ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń pè é, kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò tó sọ fún wa pé dyslexia ni kì í jẹ́ kí ó lè kàwé já geere. Bí a bá fi ìwé àyẹ̀wò náà hàn wọ́n lọ́hùn-ún, ṣé wọn yóò fi kún àkókò ìdánwò rẹ̀?

Àǹtí Olùkọ́, Manchester:
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ìwé náà yóò wúlò, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. SENCo, ìyẹn olùkọ́ tó ń bójú tó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ni kí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ rí, nítorí pé ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ náà bá fọwọ́ sí ni yóò yẹ ọmọ wò fún GCSE, ìyẹn ìdánwò ńlá tí àwọn ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16, àyẹ̀wò náà kò sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ Year 9, kíláàsì àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14. Àfikún 25% ni ó wọ́pọ̀, tí ìdánwò wákàtí kan yóò fi di ìṣẹ́jú 75. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ náà ń lo àfikún yìí ní kíláàsì. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ìdánwò kíláàsì, bí àkókò àwọn yòókù bá ti pé, a máa ń ní kí ó pa báírò dúdú tì, kí ó mú aláwọ̀ ewé, kí a lè mọ ohun tó fi àfikún àkókò náà kọ. Mo rántí ọmọ kan tí ó jẹ́ pé ìdáhùn aláwọ̀ ewé nìkan ni ó gba máàkì.

Bọ̀dá Mókọ́lá, Leeds:
Tiwa kò tètè bọ́ sí i, nítorí wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ wa kò tíì gbọ́ dáadáa. Ìwé tí ó fi kọ iṣẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn ni a fi hàn wọ́n: ọmọ tí ń ki oríkì ìdílé rẹ̀ láìkọsẹ̀ kọ “ibi” bí “idi” nígbà mẹ́ta lójú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta àwọn ìwé rẹ̀ àtijọ́.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:
Ẹ ṣé o. Ṣé ẹnìkan lè máa ka ìbéèrè fún un?

Àǹtí Olùkọ́, Manchester:
Bẹ́ẹ̀ ni, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní abala GCSE Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń dán ìwé kíkà gan-an wò, ènìyàn kò gbọ́dọ̀ kà á fún un. Kọ̀ǹpútà tàbí kálàmù tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè ni wọ́n gbà láyè.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:
Ìwé méjì ṣì wà nínú àpótí. Àwọn yòókù, mo ń lọ bá ìyá ẹlẹ́pà báyìí, kí ó tó fi wọ́n pọ́n ẹ̀pà tán.